Etí Òsì Phoebe

“Má bi mí léèrè ohun tó jẹ́,” ni Phoebe wí lórí fóònù. “Ṣáà bá mi gbà á ládùúrà.”

Gbémisọ́lá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí èbúté Hamburg. Aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù. Ó ti wọ bàtà onírin tó fi ń ṣiṣẹ́, ó fi fìlà òtútù bo orí, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin tó jókòó tì í má baà tún fojú burúkú wò ó.

“Èmi náà ní nǹkan kan tí mo ń bá Ọlọ́run sọ,” ló dáhùn. “Èmi náà ò sì lè dárúkọ ẹ̀ báyìí.”

“Kò burú! Ká kúkú gbààwẹ̀ lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìwọ gba tèmi, kí èmi gba tìẹ.”

“Ṣé a máa mu omi?”

“Omi kẹ̀? Gbémi, nǹkan tí mo ń tọrọ yìí kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń mu omi sí.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè ya àlejò lẹ́nu, àmọ́ bá a ṣe ń ṣe nìyẹn láàárín àwa Yorùbá tá a wà ní Jámánì. Ẹni tó bá ń retí nǹkan rere kì í la ẹnu sọ ọ́. Ìbáà jẹ́ ìwé ìgbélùú, ìbáà jẹ́ oyún, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tuntun, “ẹ bá mi fi nǹkan kan sádùúrà” náà ló máa wí, ó tán. Ayé le, etí ayé sì pọ̀. Ìwọ tí wọ́n bẹ̀ máa kúnlẹ̀, wàá làágùn, ohùn ẹ á há, o ò sì ní mọ ohun tí ò ń tọrọ. Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò sẹ́ni tó ń rò ó pé wàhálà lè ti ibẹ̀ yọ.

Ta ni aláwọ̀ dúdú tó ní tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Yúróòpù tí ò mọ Gbémisọ́lá àti Phoebe? Àwọn ni atọ́kùn Ohùn Àjò, ìdíje orin tí Àjò TV ti Berlin ń gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún, tí àwọn akọrin láti orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún ń wá figagbága. Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó rántí akọrin tó gbégbá orókè lọ́dún tó kọjá. Àwọn obìnrin méjì yìí làwọn èèyàn ń torí ẹ̀ jókòó. Bí ìdíje bá ti parí, àwọn olùwòran á tún dìbò yan atọ́kùn tí wọ́n fẹ́ràn jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á to gbogbo àwọn tó ti ṣe é rí sílẹ̀: ọkùnrin London tó máa ń sunkún, ìyá arúgbó Dublin tó máa ń bú àwọn akọrin. Ọdún mẹ́fà léra wọn, Gbémisọ́lá àti Phoebe ló ń wà lókè, orúkọ méjèèjì pọ̀, torí àwọn èèyàn kọ̀ láti mú ọ̀kan kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ohun táwọn èèyàn fẹ́ràn jù ni bí Gbémisọ́lá ṣe máa ń tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Bí ìlú kan bá ti fi máàkì ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, á yí sí Phoebe, á figbe ta pé, “Vienna ní méjìlá!” Phoebe á la ojú, á ní, “Méjìlá kẹ̀?” Gbogbo gbọ̀ngàn á sì gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọdé ń ṣe é nílé. Ẹnì kan tiẹ̀ fi dá àwàdà sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó ní Bremen.

Àmọ́ òkìkí ò ní kí iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀. Gbémisọ́lá ń to páálí nílé ìkẹ́rùsí ní èbúté, ó sì ń gbé ní Harburg, nínú yàrá méjì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Phoebe ní tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ní Märkisches Viertel ní Berlin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wọ aṣọ dídán. Lọ́jọ́ kejì, oníkálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ààwẹ̀ yìí ni Akínlabí, ọ̀gá Àjò TV, ti pe Gbémisọ́lá.

“Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Jámánì kan ti dara pọ̀ mọ́ wa,” ni Akínlabí sọ fún un. “Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló máa wò ó lọ́dún yìí. Atọ́kùn méjì ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Julian láàárín tiwọn. Wọ́n fẹ́ obìnrin kan látọ̀dọ̀ wa. Ẹyọ kan, Gbémi. Bí wọ́n bá mú ọ, Vertrag, ìwé àdéhùn iṣẹ́, ọdún mẹ́ta ni, o sì lè fi páálí sílẹ̀. Wá dán ara ẹ wò níwájú kámẹ́rà. Àmọ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún, ọ̀gá?”

Ó di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí fi ogún ọdún kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń fi ìka pè é. Ó fẹ́ ipò yìí débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Kò bi Akínlabí bóyá ó ti pe ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀, Gbémisọ́lá ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìyàgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lákòókò ìsinmi, ó sì gbàdúrà fún Phoebe tọkàntọkàn. “Bàbá, ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbi tí Phoebe fẹ́ dé, yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn! Ẹni tó bá jókòó sórí àga ẹ̀, fa àga náà kúrò nídìí ẹ̀! Má wo ojú ẹni náà, Bàbá!” Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì dá a lójú pé òun ti ṣe ọ̀rẹ́ òun lóore.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin. Ìwé kan wà lórí tábìlì níwájú yàrá tí wọ́n ti ń dán àwọn èèyàn wò, oníkálukú ní láti buwọ́ lù ú. Gbémisọ́lá mú bírò. Orúkọ tó wà lókè orúkọ tirẹ̀ ni Phoebe Ọlọ́runyọmí, aago mẹ́wàá àárọ̀, pẹ̀lú P ńlá tí Phoebe máa ń kọ sára kálẹ́ńdà tó ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

“Ìkejì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni,” ni ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ wí pẹ̀lú ẹ̀rín. “Ẹ̀yin méjèèjì ni màmá mi fẹ́ràn jù.”

Gbémisọ́lá dúró síbẹ̀, bírò lọ́wọ́. Háà! Àṣé ara òun ni òun ń gbààwẹ̀ lòdì sí! Àṣé òun fúnra òun ló wà nílé ìyàgbẹ́ èbúté, tó ń gbá ilẹ̀kùn, tó ní kí Ọlọ́run fa àga kúrò nídìí òun! Inú bí i débi pé etí rẹ̀ gbóná. “Ọ̀dàlẹ̀,” ló wí sínú. “Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ó sì fi pamọ́ fún mi.” Pé òun náà fi ọ̀rọ̀ kan náà pamọ́ fún Phoebe, pé Phoebe náà ń febi panú nítorí ohun tí kò mọ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wọlé, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó sì ṣe é dáadáa. Ìbínú ràn án lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó ṣínu, Phoebe pè é bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Ó kan Phoebe láti gbàdúrà.

“Bàbá,” ni Phoebe wí, “mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tó wù kó jẹ́, fún un! Bó bá tiẹ̀ gba pé kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Bàbá, fún Gbémisọ́lá!”

“Àmín!” ni Gbémisọ́lá wí. “Àmín lọ́nà igba!”

Kò tíì ṣe àmín kan tó ti inú rẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé Jámánì.

Lọ́jọ́ kẹta, Akínlabí pè é nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. “Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi,” ló wí. “Ìwọ àti Phoebe ló kù. Mi ò lè sọ fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ má bínú. Àwọn Jámánì fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n ní kí n fúnra mi yan ọ̀kan. Gbémi, Phoebe ni ọkàn mi ń lọ sí. German ẹ̀ já gaara ju tìẹ lọ. Màá fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́la.”

Bọ́ọ̀sì ń kọjá lórí afárá, omi Elbe wà nísàlẹ̀, àwọn àpótí ẹrù pupa àti búlúù tò lọ rẹrẹẹrẹ. Gbémisọ́lá rí i pé òun á máa rí wọn títí òun á fi fẹ̀yìn tì.

“Ó dáa, ọ̀gá,” ló wí. “Ó tọ́ sí Phoebe. Inú mi dùn. Ẹ ṣáà bá wa máa fi í sádùúrà.”

“Kí ló dé? Kí ló ń ṣe é?”

“Ẹ̀n-ẹ́n, kì í ṣe nǹkan kan. Etí ẹ̀ ni.”

“Etí ẹ̀ bíi ti báwo?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti etí náà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn kan ti dá Phoebe dùbúlẹ̀, nígbà tó sì dìde, etí òsì rẹ̀ ti kú. Ohun kankan ò gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Gbémisọ́lá nìkan ló sọ fún, nínú àdúrà, pẹ̀lú omijé lójú. Nítorí ẹ̀ ni Gbémisọ́lá ṣe máa ń dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ lórí ìtàgé. Ohùn olùdarí ètò ló máa ń wà nínú etí tó kù, kò lè gbọ́ ìyẹn kó tún gbọ́ gbọ̀ngàn, nítorí náà ni Gbémisọ́lá ṣe ń kọjú sí i, tó ń pariwo, “Vienna ní méjìlá!” Àṣírí ni gbogbo ohun tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn. Oore tí ọ̀rẹ́ ń ṣe fún ọ̀rẹ́ ni.

“Ti òsì,” ni Gbémisọ́lá wí. “Ó ti kú pátápátá. Ó máa ń ṣe mí láàánú, ọ̀gá. Ẹ má ṣe sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Mo kàn ní ká jọ máa gbàdúrà ni.”

“Níwájú gbogbo Jámánì,” ni Akínlabí wí, “lójú ẹsẹ̀, kò ní sí àtúnṣe. Ó dáa tí o sọ ọ́. O ṣé, Gbémi.”

“Ọlọ́run ló ń ṣe é, ọ̀gá.”

Nígbà tó délé, ó ṣínu. Ó jẹ ìrẹsì àti ẹja, ó sì tún bù sí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Phoebe pè é, tó ń sunkún.

“Gbémi, wọ́n ní kí n lọ ṣàyẹ̀wò etí. Ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n wá ní àwọn ò lè lò mí.”

“Ta ni wọ́n? Lílò fún kí ni?”

“Nǹkan tí mo ní ká gbàdúrà sí ni. Atọ́kùn ni, pẹ̀lú àwọn Jámánì. Má bínú pé mo fi pamọ́. Ẹ̀rù ń bà mí ni.”

“Háà! Phoebe! Nǹkan tèmi náà nìyẹn!”

Phoebe rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. “Àṣé ara wa là ń sá pamọ́ fún. Wọ́n mú ọ?”

“Àná ni wọ́n pè mí.”

“Ọlọ́run ṣeun.” Ó fọn imú. “Mi ò purọ́ fún ọ, ó dùn mí dé egungun. Àmọ́ bó bá máa bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sàn kó jẹ́ ọwọ́ ẹ ló bọ́ sí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá mú kí ẹlòmíràn wólẹ̀ kó jẹ́wọ́. Ó ká Gbémisọ́lá náà lára, mi ò ní sọ pé kò ká a lára. Ó fọwọ́ di ẹnu mú. Àmọ́ Phoebe ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

“Ta ló wá sọ fún wọn? Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.”

“Àti àwọn ará Praxis,” ni Gbémisọ́lá yára wí. “Ọ́fíìsì dókítà etí tó tọ́jú ẹ yẹn. Ṣebí Rónkẹ́ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀?”

Rónkẹ́ jẹ́ ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti Phoebe ń lọ.

“Rónkẹ́? Rónkẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò sọ pé òun ni o. Mo kàn ń béèrè ni. Òun àti ìyàwó Akínlabí ò mọra?”

“Wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.” Ohùn Phoebe ti yí padà. “Jésù! Rónkẹ́! Ọmọ tí mo máa ń fọwọ́ ara mi dirun fún lọ́jọ́ ìbí ẹ̀!”

“Ẹ̀ẹ̀, ayé,” ni Gbémisọ́lá wí.

Ní Jámánì, ẹni tó bá tú àṣírí aláìsàn ti wọ ìjàngbọ̀n. Schweigepflicht ni wọ́n ń pe òfin náà, kò sì sí dókítà tó máa gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàyè. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Gbémisọ́lá mọ̀ ọ́n nígbà tó ń dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìdíje wáyé, Gbémisọ́lá tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin. Phoebe ló ní kó wá. “Èmi ni mo máa ń dirun fún ọ kí Ohùn Àjò tó bẹ̀rẹ̀,” ló ní. “Ti ọdún yìí ló wá yẹ kí ẹlòmíràn dì?” Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní kí ló dé.

Ó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Märkisches Viertel, lábẹ́ àwọn ilé gíga funfun, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti lù. Ẹnì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀. Rónkẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta títì, níwájú àwọn òyìnbó, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun tó ń yọ lábẹ́ kóòtù.

“Àǹtí Gbémi, ẹ káàárọ̀ mà. Mo mọ̀ pé òní lẹ máa wá dirun.”

“Dìde, dìde. Kí lò ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Àǹtí Phoebe ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi. Wọ́n ní òní làwọn máa fi ránṣẹ́. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ wọn fún ẹ̀dá kankan, Àǹtí. Kí n má rí ìyá mi mọ́ bí mo bá sọ ọ́.” Ó di àpò Gbémisọ́lá mú. “Wọn ò fẹ́ gbọ́ tèmi rárá. Aufenthalt mi, ìwé ìgbélùú mi, wà lórí iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá lé mi, màá fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Gbémisọ́lá ò lè wo ojú rẹ̀. “Màá bá a sọ̀rọ̀.”

“Ẹ ṣèlérí fún mi, mà.”

“Mo ṣèlérí.”

Ó sì ní in lọ́kàn. Ẹ má rò pé kò ní in lọ́kàn. Bó ṣe ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu: Phoebe, mo ṣẹ̀ ọ́. Phoebe, èṣù ló lò mí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, Phoebe sì fò mọ́ ọn lọ́rùn.

“Atọ́kùn àgbáyé! Wọlé, jókòó, jẹ́ kí n rí orí yẹn. Gbémi! Kí lo fi irun ṣe? Ṣé páálí lò ń fi orí rù ni?”

Oníbàárà kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun tó ń kùn hùù, rédíò sì ń kọrin lórí pẹpẹ. Phoebe bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun, ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti àtijọ́, ẹnu rẹ̀ náà ò sì dákẹ́. Ó ń kọ́ Gbémisọ́lá ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun.

“Julian yẹn, mo ti wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Bó bá ti fẹ́ gbà á, rẹ́rìn-ín, kí o fọwọ́ kàn án lápá. Á dákẹ́ ni. Má sì sáré ka orúkọ àwọn akọrin Congo, o máa ń sáré kà á.”

“Màá rántí.”

“Àwọn olùwòran á fẹ́ràn ẹ. Ìwọ ni wọ́n máa yàn, wàá rí i.”

Àpòòwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, funfun, wọ́n ti lẹ sítáǹpù mọ́ ọn. Gbémisọ́lá ka àdírẹ́sì dókítà náà lára rẹ̀.

“Lẹ́tà Rónkẹ́ nìyẹn?”

“Òun ni.”

“Phoebe, ṣé ó dá ọ lójú pé òun ni?”

Ọwọ́ Phoebe dúró. Ó wo Gbémisọ́lá nínú dígí. Kò sí ìfura kankan nínú ojú yẹn, ìyẹn gan-an ló burú. “Àfi bó o bá mọ ẹlòmíràn,” ló wí. “Bó o bá mọ ẹlòmíràn, sọ fún mi báyìí, màá fa lẹ́tà yìí ya. Mi ò fẹ́ ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.”

Gbémisọ́lá la ẹnu. Ọ̀la ni. Aṣọ rẹ̀ ti wà nínú yàrá ìmúra, orúkọ rẹ̀ ti wà lára ògiri gbọ̀ngàn ní Hamburg. Bí Phoebe bá gbọ́ ọ, Akínlabí á gbọ́ ọ, London á gbọ́ ọ, Dublin á gbọ́ ọ. Wọ́n á wá mọ̀ pé ẹni tó ń pariwo “Vienna ní méjìlá” ló ta ẹni tó ń pariwo fún. Ta ló máa tún fẹ́ràn irú atọ́kùn bẹ́ẹ̀?

“Mi ò mọ ẹlòmíràn,” ló wí.

Phoebe ń bá irun lọ. Nígbà tó kan ẹ̀bá etí, ó tẹ̀ ba láti ẹ̀yìn, ó gba orí èjìká ọ̀tún Gbémisọ́lá bẹ̀rẹ̀ kó lè rí ojú ìlà náà. Etí òsì rẹ̀ wá wà níwájú ẹnu Gbémisọ́lá gan-an, yẹtí wúrà kékeré ń mì lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn. Rédíò ń kọrin.

“Èmi ni,” ni Gbémisọ́lá wí sínú etí náà. “Èmi ni mo sọ fún Akínlabí. Kì í ṣe Rónkẹ́. Mo fẹ́ ipò yẹn ni. Dárí jì mí, Phoebe.”

Ó sọ ọ́ tán pátá, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó mọ etí tó jẹ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọdún mẹ́ta ló fi dúró lápá kejì etí yẹn.

Phoebe gbé orí sókè. Èémí ti kàn án lọ́rùn. “O sọ̀rọ̀?” Ó yí etí ọ̀tún sí i, ó sì sún mọ́ ọn. “Sọ ọ́ síbí. Kí lo wí?”

Gbémisọ́lá wo etí tó yè yẹn. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ìlà irun mọ́kànlá ti dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, ó sì rẹwà.

“Mo ní kí o má fà á jù.”

“Ó ń dùn ọ́? Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi, má bínú.” Phoebe sì dẹ ọwọ́.

Aago kan ku díẹ̀ ni irun náà parí. Phoebe dì mọ́ ọn, ó ní òun á wà níwájú tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló mú àpòòwé náà, ó fi í sínú àpò Gbémisọ́lá. “Bá mi jù ú sínú àpótí lẹ́tà tó wà níbùdókọ̀. Mi ò lè fi oníbàárà yìí sílẹ̀ sábẹ́ iná.”

Rónkẹ́ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó dìde kí Gbémisọ́lá tó sọdá títì.

“Àǹtí, ṣé ẹ bá wọn sọ̀rọ̀?”

“Mo bá a sọ̀rọ̀.”

“Ṣé ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi?”

“Mo sọ ọ́,” ni Gbémisọ́lá wí. “Mo sọ gbogbo ẹ̀ sí i létí.”

Omijé bọ́ lójú Rónkẹ́. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, Gbémisọ́lá sì gbá a lápá mú. “Ọlọ́run á gbé yín ga lọ́la, mà,” ni Rónkẹ́ ń wí. “Gbogbo wa la máa jókòó wò yín. Ẹ̀yin ni màá dìbò fún. Màá ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìbò fún yín.” Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń juwọ́.

Gbémisọ́lá juwọ́ padà títí bọ́ọ̀sì náà fi yí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpò rẹ̀, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó sì jù ú sínú àpótí. Ó fa gèlè bo irun rẹ̀ nítorí atẹ́gùn, ó wo aago. Ọkọ̀ ojú irin Hamburg ku wákàtí kan.